Agbe Orí Igi Ọ̀pọ̀tọ́

Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà. Òṣogbo.

Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní ojú òsì ti lọ pátápátá, kò sí ohun tí wọ́n tún lè ṣe sí i. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ń há wọlé láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Oògùn tí mò ń kán sí i, ó kàn ń dá a dúró ni. Mo ní títí di ìgbà wo? Ó ní, "Màmá, ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún méjì. Ẹ ṣáà máa kán oògùn yín."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti kọ lu obìnrin kan tó pọn ọmọ. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa wo iwájú o!" Iwájú náà mà ni mò ń wò. Ẹ̀gbẹ́ ni mi ò ní mọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú fáìlì ìjọba ní Abéré, tí mò ń fi ojú méjèèjì wá ìwé fún onílé àti àlejò. Ẹ̀san rẹ̀ nìyí.

Ọjọ́bọ̀, 16.

Láti ìjẹta ni mo ti ń ro ohun tí mi ò tíì rí láyé. Mo ti rí òkun. Mo ti rí ọmọ-ọmọ. Mo ti rí òyìnbó, kò sí nǹkan kan lára wọn. Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn, bí mo bá sọ ọ́ síta wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín: agbe. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, agbe ni bàbá mi fi ṣàdúrà fún mi. Lọ́jọ́ tí mo sin ọkọ mi, agbe ni wọ́n tún fi ṣàdúrà fún mi. Ta ni kì í fi ẹyẹ yìí ṣàdúrà? Mo bi èèyàn mẹ́jọ lónìí, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó rí i rí. Alágbàfọ̀ òdìkejì ní irú adìyẹ kan ni. Adìyẹ!

Mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo fẹ́ rí agbe kí ilẹ̀kùn yìí tó tì. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹyẹ kì í dúró. Ojú kan tó kù mí yìí, bí nǹkan bá ti ń rìn, ó ti pòórá mọ́ ọn nìyẹn. Àmọ́ bí mo bá ya fọ́tò rẹ̀, màá lè gbé e síwájú, kí n máa wò ó títí yóò fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìṣẹ́gun, 21.

Mo ti ra kámẹ́rà. Àlòkù ni, lọ́wọ́ Mùstàfá tó ń ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ ní Òkè-Fìà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ló pè é, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ó fi gba àádọ́rin. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, bátìrì rẹ̀ ò sì lè lo wákàtí méjì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń yọ síta gbọọrọ, ó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Mùstàfá ní, "Mọ́mì, ṣé ìnáwó lẹ fẹ́ máa yà ni?" Mo ní ẹyẹ ni. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹyẹ ò ní sanwó o."

Ó ní kí n ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, kí ọwọ́ mi má baà máa gbọ̀n. Iye tó pè é, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí. Ó ní bí kò bá sówó, àwọn kan máa ń rán àpò kékeré, wọ́n á rọ ẹ̀wà kún un, wọ́n á gbé kámẹ́rà lé e. Ẹ̀wà? Ẹ̀wà tí èmi gan-an ń fi ojú lá? Iyanrìn ni mo rọ kún un, àlòkù ìró ni mo sì fi rán an.

Wúrà ọmọ mi pariwo lórí fóònù láti Ìbàdàn. "Mọ́mì, ojú tó ń dùn yín, ẹyẹ lẹ fẹ́ máa fi wá kiri?" Mo ní kí ni ó fẹ́ kí n máa fi wò, tẹlifíṣọ̀n? Ó ń fa imú. Ọmọ mi ni, mo mọ̀ pé ó ń sunkún.

Àbámẹ́ta, 25.

Mo lọ fi lékèélékèé kọ́ṣẹ́ ní odò ẹran. Àwọn alápatà sọ mí di eré: "Ìyá oníròyìn! Ẹ má gbé wa sórí Fesibúùkù o, a ò tíì wẹ̀!" Fọ́tò méjìléláàádọ́fà ni mo yà. Ẹyẹ wà nínú mẹ́sàn-án. Èyí tó kù, ìrù màlúù, ojú ọ̀run, àti àtàǹpàkò mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yẹn! Ó dúró sẹ́yìn màlúù, ó ká ẹsẹ̀ kan sókè. Mo gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n nílé, mo jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí. Mo rí ojú rẹ̀. Mo rí bí ìyẹ́ àyà rẹ̀ ṣe to lé ara wọn. Ó pẹ́ tí mo ti wo nǹkan kan bẹ́ẹ̀ tí kò sá fún mi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, mo tiẹ̀ gbàgbé láti kán oògùn.

Ajé, 3 Bélú.

Òjò. Òjò tó yẹ kó ti wábi gbà. Owó oògùn ojú tún ti lé sí i, apòògùn ní kí n má bínú, dọ́là ni. Kí ló kàn mí kan dọ́là?

Phebe àbúrò mi pè láti Iléṣà. "Àǹtí mi, ojú yìí kì í ṣe ojú lásán. Ẹ wá, ká gun orí òkè, ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta." Mo ní bí mo bá gun òkè báyìí, orí ni n ó fi sọ̀ kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì ni Phebe, kì í fi òkè ṣeré. Nígbà tó yá mo ní kó bá mi bèèrè ibi tí èèyàn ti lè rí agbe. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ọdẹ kan wà ní Ìpetu tó ń ta ẹran ìgbẹ́ fún àwọn, Ògúnmọ́lá, òun á bá mi bi í.

Àbámẹ́ta, 8.

Mo sùn sọ́dọ̀ Phebe lánàá, mo wọ mọ́tò Àkúrẹ́ ní ìdájí, mo sọ̀ ní Ìpetu. Ògúnmọ́lá ti ń dúró. Yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún, àmọ́ ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ẹrẹ̀ kí n tó lè ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. "Màmá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Wọ́n ní agbe lẹ wá wò. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi irú iṣẹ́ yìí rán mi rí."

Ọ̀nà oko ò dáa fún irú mi. Gbòǹgbò gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ó kàn gé ọ̀pá gígùn kan, ó fi ìdí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó di orí rẹ̀ mú, ó ń ṣíwájú mi lọ. Ó ti rí i pé ojú mi ò dáa. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi pé kò bèèrè.

Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan wà létí kòkó rẹ̀, ó so jìngbìnnì. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Mo lóṣòó sábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ṣe òṣómàáló dé Ṣakí, aṣọ ló ń tà láwìn, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó títí yóò fi gbà á. Mo sọ fún Ògúnmọ́lá pé èmi náà rèé, ẹyẹ ló jẹ mí lówó. Ó rẹ́rìn-ín.

A gbọ́ ọ. Ohùn ńlá, kùkùkùkùkù, bí ẹni ń da omi nínú kèrègbè. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, òmíràn dá a lóhùn. Orí mi wú. Ògúnmọ́lá ní, "Òun nìyẹn! Lọ́wọ́ ọ̀tún yín!" Kí n tó yí ọrùn dé ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀ka igi lásán ló ń mì.

Mo ti gbọ́ ọ ná. Mi ò rí i.

Àbámẹ́ta, 15.

Mo gbé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àtijọ́ lọ. Mo ti rẹ ẹ́ sínú omi ewé àti ẹrẹ̀ títí funfun rẹ̀ fi kú, mo fi bo ara mi lábẹ́ igi. Ògúnmọ́lá ní mo jọ ìyàwó. Ní nǹkan bí aago méje wọ́n dé, àwọn méjèèjì. Ògúnmọ́lá ń sọ ọ́ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́: "Sókè díẹ̀. Ó ti bọ́ sí ẹ̀ka kejì. Ó ti padà." Mò ń tẹ kámẹ́rà láìdúró. Ọgọ́ta fọ́tò. Ewé. Ewé. Ojú ọ̀run. Ewé.

A jẹ búrẹ́dì àti sàdíìnì tí mo gbé wá. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Màmá. Ẹ ò fẹ́ jẹ ẹ́?" Rárá. "Ẹ ò fẹ́ fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe nǹkan?" Rárá o, mo kàn fẹ́ rí i ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní akọ àti abo ni, ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń wá sórí igi yẹn, òun kì í sì í yìnbọn sí wọn. "Àwọn ló ń jí mi láràárọ̀. Mo ti fi wọ́n ṣe agogo."

Àbámẹ́ta, 22. Òṣogbo.

Mi ò lọ. Ojú ń dùn mí dé ìpàkọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife lónìí.

Àbámẹ́ta, 29.

Ọyẹ́ ti ń yọjú. Ètè mi ti là. Èso ọ̀pọ̀tọ́ ti ń tán lórí igi, Ògúnmọ́lá ní bí ó bá ti tán, àwọn ẹyẹ náà á wábi gbà títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀! Ta ló mọ ohun tí ojú mi yóò jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀?

Mo dá ọgbọ́n kan. Mi ò lé ẹyẹ kiri mọ́. Mo gbé kámẹ́rà lé àpò iyanrìn, mo dojú rẹ̀ kọ ẹ̀ka kan ṣoṣo tí èso ṣì pọ̀ lórí rẹ̀, mo lóṣòó tì í. Wákàtí kan àtààbọ̀. Orúnkún mi ń ké. Ó wá bà lé ẹ̀ka yẹn gan-an! Nǹkan aláró kan bọ́ sínú ojú mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ewé tó ń mì, àti nǹkan aláró kan tó fà láti etí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdọ̀tí ara kámẹ́rà.

Mo sunkún. Ojú ń tì mí, àgbàlagbà tó ń sunkún nítorí ẹyẹ, ṣùgbọ́n mo sunkún. Ògúnmọ́lá jókòó tì mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti òsì, ti ọ̀tún. Mo ní, "Ògúnmọ́lá, ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́ nìkan ni ojú mi ń rí mọ́. Ẹyẹ yìí ò sì ní dúró fún mi láé. Ọmọ mi ń bọ̀ wá kó mi lọ sí Ìbàdàn lẹ́yìn Kérésì, kò ní jẹ́ kí n tún padà wá."

Ó ń fi ẹnu àdá họ ilẹ̀. Ó wá ní, "Màmá, ẹ ò ní lọ lọ́wọ́ òfo." Mo rò pé ó ń ṣàdúrà fún mi. Mo ní àmín.

Àbámẹ́ta, 6 Ọ̀pẹ. Òṣogbo.

Owó mọ́tò ti fò sókè nítorí ọdún. Mi ò lọ. Mo jìn sí gọ́tà ẹnu ọ̀nà ara mi, gọ́tà tí mo ti ń dá kọjá láti ọdún mẹ́tàlélógún. Aládùúgbò tó fà mí jáde ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Wúrà, ṣé ẹ ò rí i ni?" Mo ní mò ń ronú ni. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni mo fi ń kọ ìwé yìí báyìí, pẹ̀lú bírò tó nípọn tí àwọn ọmọ fi ń kọ nǹkan sára páálí.

Ẹtì, 12. Iléṣà.

Ògúnmọ́lá pè mí lánàá. "Màmá, ẹ wá ní Sátidé. Ẹ rí i pé bátìrì kún o. Ẹyẹ yín á dúró." Mo ní báwo ló ṣe mọ̀? Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bóyá ó ti rí ìtẹ́ wọn. Phebe gbé iyán síwájú mi nírọ̀lẹ́ yìí, mi ò lè jẹ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, báyìí lẹ máa ń ṣe nígbà ayé ọkọ yín, bó bá ń bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì." Òótọ́ ni.

Àbámẹ́ta, 13.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó ti wẹ̀, ó dé fìlà tó mọ́. Kò fi ọ̀pá fà mí lónìí, ọwọ́ mi ló dì mú. Ọyẹ́ bo gbogbo oko. Nígbà tí a dé ìdí ọ̀pọ̀tọ́, ó mú mi dúró síbì kan tó ti fi àdá ro mọ́, ó gba àpò iyanrìn lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé kùkùté. "Ọ̀gangan ibí, Màmá. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ fara balẹ̀."

Mo fojú sí kámẹ́rà. Mo rí ewé, mo rí ẹ̀ka, mo wá rí i.

Agbe. Aró ni lóòótọ́. Aró tó mu aṣọ dáadáa, tó ń dán, láti ọrùn dé ìrù. Ogbe dúdú lórí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ yẹ́lò, ṣóńṣó rẹ̀ pupa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì. Mo yà á, kò sá. Mo tún yà á. Mò ń sọ pé, "Olúwa o, Olúwa o." Mo wo ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wo bí ìrù rẹ̀ ṣe gùn. Omi ń dà lójú mi, mi ò nù ún. Mọ́kànlélógójì ni mo yà. Mo ní, "Ògúnmọ́lá, kí lẹ fún un jẹ tó fi dúró báyìí?"

Mo fi kámẹ́rà tún fà á súnmọ́ mi sí i, mo fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí ìko tí wọ́n fi dè é mọ́ ẹ̀ka. Mo rí eṣinṣin tó bà lé ẹyinjú rẹ̀.

Ògúnmọ́lá ní, "Ìdájí yìí ni mo yìn ín. Abẹ́ apá ni mo jẹ́ kó gbà, kí ìyẹ́ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹ ní ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́ ni ojú yín ń rí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó. Màmá, ṣé ẹ rí i dáadáa?"

Mo wo ojú rẹ̀. Iwájú mi gangan ló dúró sí, kò mira, ó ń retí ohun tí n ó sọ. Ta ni n ó bá wí? Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ bí kò ṣe èmi. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ fún un.

Mo ní, "Mo rí i. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọlọ́run yóò san án fún yín." Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn, ẹni bá fi tọwọ́tọwọ́ fún ọ ní nǹkan, wàá dúpẹ́. Ó tú u kúrò lórí ẹ̀ka, ó fi ewé wé e, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ara rẹ̀ ti le. Kò wúwo rárá.

Èkejì wà lókè igi. Ó ké, ó dákẹ́ kí wọ́n dá a lóhùn, ó tún ké. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Ògúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ebi ò ń pa mí.

Àìkú, 14. Iléṣà.

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ sin ín sẹ́yìn kíṣìnnì Phebe, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Phebe ní, "Ẹyẹ tí ẹ ti ń wá láti ìjelòó? Ẹ kúkú jẹ́ kí n fi se ọbẹ̀." Nígbà tó wo ojú mi, ó wọlé, ó gbé ọkọ́ jáde, ó bá mi gbẹ́ ilẹ̀.

Ọjọ́rú, 17. Òṣogbo.

Ògúnmọ́lá pè láti mọ̀ bóyá mo délé re. Mo ní mo délé, mo ní gbogbo fọ́tò dára. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá ní òun sùn gbàgbé lónìí, oòrùn ti là kí òun tó jí.

Ajé, 22.

Ọ̀la kọ́, ọ̀tunla kọ́, Sátidé ni Wúrà ń bọ̀. Mo ti di ẹrù mi. Mo gbé káàdì kámẹ́rà lọ fún Mùstàfá, kó bá mi tẹ fọ́tò kan ṣoṣo tí n ó gbé lọ sí Ìbàdàn.

Ó ṣí i lójú kọ̀ǹpútà, ó figbe ta. "Mọ́mì! Ẹ̀yin lẹ ya èyí?" Ó pe aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pe ẹni tó ń ta káàdì. "Ẹ wá wo ìyẹ́! Ẹ wo bó ṣe dúró, bí ẹni mọ̀ pé wọ́n ń ya òun!" Ó ní láti ọdún tí òun ti ń yàwòrán, òun ò yà á tó báyìí rí. Ó ní òun á tẹ ẹ́ ní ńlá, òun á gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òun ò ní gba kọ́bọ̀. Gbogbo wọn ń kí mi kú iṣẹ́. Aránṣọ ní òun náà ti wá rí agbe láyé òun.

Mo ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó rò pé mò ń ṣeré. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ní kó pa á rẹ́ lójú mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa kà á. Ó pa á rẹ́, mọ́kànlélógójì, ó ń mi orí. Ó ní kí wá lòun fẹ́ tẹ̀? Mo ní ti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá.

Ó ṣí i. Ó fà á súnmọ́, ó tún fà á.

"Mọ́mì, kò sí nǹkan kan níbí. Ewé ni."

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò lọ ni."